Fóònù Tó Ń Tọrọ Àforíjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Keje, 2012

Òjò láti àárọ̀. Ọ̀gá Kanbe, olórí ẹ̀ka fóònù, kó gbogbo wa jọ sí yàrá ìpàdé òkè, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó ní fóònù ìgbà òtútù tó ń bọ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ Amagase máa fi mọ̀ bóyá òun ṣì ń ṣe fóònù tàbí òun ti ṣíwọ́. Bó bá tà, ilé-iṣẹ́ wa ní ìlú Ina yìí á dúró. Bí kò bá tà, wọ́n á tì í ní òpin oṣù Kẹta, oníkálukú á sì lọ síbi tí wọ́n bá rán an. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka àkókò ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà ó bu omi mu.

Fóònù olójú gíláàsì ni yóò jẹ́, bíi ti àwọn ará òkèèrè tó ti gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí àwọn èèyàn wa fẹ́ràn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, àpò owó inú fóònù tí a fi ń kan ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ láti sanwó ọkọ̀, iná àìrí tí a fi ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ síra wa, ihò tí a ń so okùn ẹ̀ṣọ́ mọ́. Omi kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni iṣẹ́ tèmi. Ẹ̀ka Omi ni wọ́n ń pè wá: èmi, Ogiso tó ń ṣe ìdánwò, àti táńkì kan.

Lọ́sàn-án Ogiso gbé fóònù àkọ́ṣe sórí tábìlì, ó tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó sì ki wáyà cháàjì bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná dé dígírì mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mẹ́tàlélógójì ni àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ń ra fóònù lọ́wọ́ wa láti tà, gbà láàyè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án," ni Ogiso wí.

Mo fọwọ́ kàn án. Mo yọ ọwọ́ kíá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Nídìí oúnjẹ alẹ́, Chisato ìyàwó mi bi mí pé kí ló ń mú fóònù gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ohun tó bá dí ọ̀nà omi, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló dí pẹ̀lú. Ọpọlọ fóònù olójú gíláàsì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń sáré, ẹni tó ń sáré kò sì ní ṣàì làágùn. Fóònù àwọn ará òkèèrè ń sáré nínú afẹ́fẹ́. Tiwa ti wọ aṣọ òjò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó tún gbé tẹlifíṣọ̀n lérí.

"Kó bọ́ aṣọ òjò náà," ni ìyàwó mi wí.

"Aṣọ òjò náà ni iṣẹ́ mi."

Ó bu ìrẹsì kún tèmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Òjò dá díẹ̀. Bàbá tún gbé fóònù rẹ̀ wọ ibi ìwẹ̀ láti gbọ́ rédíò. Fóònù kíká pupa ni, èyí tí a ṣe ní 2004, àkọ́kọ́ tí omi kò lè wọ̀ nínú gbogbo èyí tí Amagase ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ ti họ ní ìgun, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ ṣì le. Mo máa ń ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ẹni tó mú òbí lọ síwájú dókítà.

Ọdún tí a gbé e jáde, ilé àkàrà dídùn iwájú ibùdókọ̀ ṣe àkàrà ẹ̀wà pupa tó dà bíi rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá wo táńkì wa. Olórí ìlú ju tirẹ̀ sínú omi níwájú àwọn oníròyìn, ó yọ ọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyàwó kò gbé e. A wà ní ipò kẹta ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Nísinsìnyí, bí ìwé ìròyìn bá to àwọn tó ń ta fóònù, inú "àwọn yòókù" là ń gbé.

"Tèmi kì í gbóná," ni Bàbá wí láti inú omi.

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ń rò ni."

"Ìyẹn ló ṣe ń pẹ́."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Àkókò òjò ti parí. Ooru gbóná janjan. Wọ́n ní kí gbogbo ilé-iṣẹ́ dín iná kù, nítorí náà ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju dígírì méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Àwa àti fóònù jọ ń làágùn. Bàrà olómi ìdajì jẹ́ ẹgbẹ̀rún yẹ́ǹ lọ́jà. Ó wọ́n, mo sì rà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìpàdé lórí ooru. Kanbe béèrè pé kí ni ká yọ. Kò béèrè pé ti ta ni ká yọ. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ yí tábìlì ká bí a ṣe jókòó. Yasuoka, tó ni tẹlifíṣọ̀n àti ẹ́ríà tó ń gba àwòrán rẹ̀, ní lóòótọ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń mú ooru díẹ̀ wá, àmọ́ òun á gbìyànjú láti dín in kù. Ẹni tó ni àpò owó ní tòun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná, síbẹ̀ òun náà á gbìyànjú. Ẹni tó ni iná àìrí ní òun á gbìyànjú. Nígbà tó kàn mí, mo ní Ẹ̀ka Omi á gbìyànjú. Kanbe kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ka á gbìyànjú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ nǹkan ẹlòmíràn, bí ẹni tó na ọwọ́ sínú abọ́ aládùúgbò ló rí. Bẹ́ẹ̀ ni kálukú ṣe di abọ́ tirẹ̀ mú, tí tábìlì sì ń wó lábẹ́ gbogbo abọ́ náà.

Bí a ṣe ń jáde, Yasuoka gbá mi léjìká. "Hiraide, jẹ́ ká fi ẹyin dán fóònù yìí wò. Bó bá jinná, ká lọ tà á fún àwọn ilé oúnjẹ."

"Ẹyin kì í jinná ní dígírì mẹ́tàdínláàádọ́ta."

"Ọkùnrin yìí, èèyàn ò lè bá ẹ ṣeré."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ogiso ṣe ohun kan tí n kò rán an. Ó yọ férémù rọ́bà tó yí inú fóònù ká, ó yọ ike ìlọ́po méjì ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú ihò rọ́pò rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́, cháàjì ń wọlé. Dígírì mọ́kànlélógójì.

Ó gbé èsì náà síwájú mi, ó sì ká ọwọ́. Ará Kiso ni, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ti rí i. Ẹ̀yin náà ti rí i. Ó ku àwọn tó wà lókè."

"Bí a bá yọ rọ́bà, kí ni Ẹ̀ka Omi á máa ṣe?"

"A ó máa wo fóònù tó ń tà."

"Ìwọ àti èmi kò ní níṣẹ́ níbí mọ́."

"Bí ilé-iṣẹ́ bá kú, ṣé a ó ní?"

Mo ní kó tún ìdánwò náà ṣe. Kì í ṣe pé n kò gbà á gbọ́. Mo fẹ́ àyè láti ronú ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ

Mọ́kànlélógójì lẹ́ẹ̀kejì, mọ́kànlélógójì lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí ìpàdé tó dé, ó yẹ kí n ti rìn yí ká, kí n bá oníkálukú sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé á rò pé wọ́n fẹ́ dójú ti òun. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Yasuoka, níbi tí wọ́n ti ń mu sìgá lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù.

"O fẹ́ fọwọ́ ara rẹ yọ tìrẹ?" ló bi mí. "Má dán an wò."

"Kí ló dé?"

"Bí o bá yọ tìrẹ, ojú wo ni màá fi wò ọ́ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ mi?"

"Ìwọ náà yọ tìrẹ."

Ó fẹ́ èéfín síta pẹ́ẹ́. "Èèyàn mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi tí wọn ò mọ nǹkan mìíràn ju ẹ́ríà lọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Ogiso àti táńkì."

"Ṣé o rí i? Táńkì ò ní ọmọ nílé."

Mo lọ bá àwọn yòókù. Inú wọn kò dùn, wọn kò sì bínú. Wọ́n ń fún mi ní tíì, wọ́n ń sọ pé mo ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó kún fún tíì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìsinmi Obon, ìgbà tí àwọn òkú ń padà wá kí ará ilé. A gbé òdòdó lọ sí ibojì Ìyá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹṣin kùkúḿbà tí Ìyá máa gùn wálé, ó fi igi mẹ́rin ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gùn ju àwọn yòókù lọ. "Ó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ni Bàbá wí, "á fara dà á." Akane ọmọ wa wá láti Nagoya, ó sun oorun títí di ọ̀sán.

Chisato gbé fóònù àkọ́ṣe wọ ibi ìwẹ̀. Kò yẹ kí n jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. Ó ń wo ètò ìdáná lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Kò pẹ́ ó pè mí.

"Bàbá Akane, ojú ẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ó gbóná bí ìkòkò."

"Omi wọ̀ ọ́?"

"Omi ò wọ̀ ọ́."

Mo bi í pé ṣé tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀ dùn ún wò. Ó ronú díẹ̀. "Nítorí pé ó wà níbẹ̀ ni mo ṣe ń wò ó," ló wí. "Bí kò bá sí níbẹ̀, màá wẹ̀, màá jáde."

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Mo sọ ọ́.

Tatsuno, aṣojú àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti Tokyo wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kanbe. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo fi èsì Ogiso hàn wọ́n, mo ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí ooru ti ń wá, ibi tó ti ń há sí, ohun tí irin tó ní ihò ń ṣe. Mo ní kí wọ́n yọ ìdènà omi kúrò nínú fóònù ìgbà òtútù. Mo ní Ẹ̀ka Omi ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ẹlòmíràn ló tì í.

 Èmi ti rò pé ẹnì kan á bá mi jiyàn, mo sì ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Ohun tí n kò múra sílẹ̀ fún ni inú rere.

Yasuoka ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A ò lè jẹ́ kí Hiraide nìkan ru ẹrù yìí." Ẹni tó ni àpò owó ní òótọ́ ni. Ẹni tó ni iná àìrí ní ìtìjú ló jẹ́ fún òun pé Ẹ̀ka Omi fẹ́ gé apá ara rẹ̀ nígbà tí gbogbo wa jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Kanbe yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Tatsuno ní fóònù tí kò ṣeé gbé wọ ibi ìwẹ̀ kò ní orúkọ lójú àwọn oníbàárà òun, àmọ́ ẹ̀mí tí òun rí nínú yàrá yìí lónìí wú òun lórí.

Wọ́n pinnu pé ohunkóhun ò ní kúrò. Bí fóònù bá ti ń súnmọ́ mẹ́tàlélógójì, yóò fúnra rẹ̀ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, yóò pa tẹlifíṣọ̀n, yóò dá cháàjì dúró. Yóò sì kọ ọ̀rọ̀ kan sójú fún ẹni tó ni ín.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹrí ba. Ogiso, tó jókòó lẹ́yìn mi, kò pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ tí fóònù máa kọ sójú. "Fóònù ti gbóná" nìkan kò dára, wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń pariwo mọ́ oníbàárà. Wọ́n fi "Ẹ jọ̀ọ́" ṣáájú. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé wọ́n ń lò ó. Bó bá dúpẹ́, àyè kò tó lójú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án

Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ta ló ń tọrọ àforíjì? Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ní bí Amagase bá tọrọ rẹ̀, Amagase ti gbà pé òun jẹ̀bi. Nítorí náà fóònù ni kó tọrọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Kí ni fóònù ṣe?" ni Yasuoka béèrè.

Agbẹjọ́rò ní ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè tí òfin lè dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n ti fẹnu kò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ara mi ti gbóná. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀." Kanbe kà á sókè bí ẹni tó ń ka àdúrà. Tatsuno kọ̀wé láti Tokyo pé ó dára púpọ̀, àmọ́ ṣé kò ní dára jù bí nǹkan kékeré kan bá ń tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó dábàá ẹyẹ funfun tó ń gbé orí òkè wa, nítorí ará òkè ni wá.

Yasuoka bi mí ní ọ̀nà ìjáde bóyá ìtẹríba kékeré ni tàbí ti ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé àwàdà ni. Ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dá lórí rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ẹyẹ náà dé. Ọmọbìnrin kan ní olú ilé-iṣẹ́ ló yà á, ó sì rẹwà. Ìyẹ́ rẹ̀ ń mì, ó ń ṣẹ́jú, ó ń tẹrí ba jìn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ogiso dán an wò. Kí ọpọlọ fóònù tó lè ya ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ń mì, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹyẹ bá ti ń tẹrí ba, ooru ń fi díẹ̀ lé sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ó ń gbóná nítorí pé ó ń tọrọ àforíjì pé ó gbóná."

A rẹ́rìn-ín títí ojú wa fi ṣomi. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ sínú ìwé èsì bó ṣe yẹ. Ìdáhùn wá kí ilẹ̀ tó ṣú: kí ẹyẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Fóònù tuntun àwọn ará òkèèrè jáde lónìí. Àwọn oníbàárà ń tò láti òru ní àwọn ìlú ńlá, a rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ wa. Kò ní tẹlifíṣọ̀n. Kò ní iná àìrí. Bí o bá jù ú sínú omi, ó kú. Gbogbo wa ń wò ó, a ń jẹ núdù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá

Fóònù wa yege gbogbo ìdánwò àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò kọjá mẹ́tàlélógójì. Kó tó dé ibẹ̀, ẹyẹ ti tẹrí ba. Nínú omi, kò sí ẹ̀kán kan tó wọlé. Tatsuno ní nínú gbogbo fóònù ìgbà òtútù tí òun gbà, tiwa ni omi kò rí àyè kankan sí rárá. Kanbe kó wa lọ jẹ gíyósà, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ẹran sínú rẹ̀, ó sanwó fún gbogbo wa. Mo mu bíà mẹ́ta. Bí mo ṣe ń rìn bọ̀, mo rí yìnyín àkọ́kọ́ ní ṣóńṣó òkè.

N kò ní purọ́ níhìn-ín. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá

Ó bọ́ sọ́jà lánàá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Matsumoto láti wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, wáyà cháàjì wà lẹ́nu rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, iná ńlá ṣọ́ọ̀bù ń tàn sí i lórí. Mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan tó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún gbé e. Ó yí i padà, ó fọwọ́ kan ihò okùn ẹ̀ṣọ́, inú rẹ̀ dùn sí i. Ojú fóònù ṣókùnkùn. Ẹyẹ yọ, ó tẹrí ba. Obìnrin náà kà á. Òun náà rọra tẹrí ba fún un, bí èèyàn ṣe ń ṣe bí wọ́n bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà sórí pẹpẹ, jẹ́jẹ́, kó má baà tún rẹ̀ ẹ́ sí i. Ó lọ sí pẹpẹ kejì.

Mo ra ẹyọ kan. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù bi mí bóyá ó dá mi lójú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá

Àpótí àwọn fóònù tí wọ́n dá padà ti ń dé. Ogiso ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo sítíkà inú wọn tó máa ń pupa bí omi bá kàn án. Funfun ni gbogbo wọn. Ó ṣí títí di ìrọ̀lẹ́.

"Omi ò wọ ẹyọ kan, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo rí i."

"Àwọn tó dá a padà kọ ìdí rẹ̀. Ẹ fẹ́ gbọ́? Ẹnì kan ní, 'Mo kan fẹ́ pe ọmọ mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi.' Òmíràn ní, 'Ó ń tọrọ àforíjì ju ọkọ mi lọ.'"

"Èyí ti tó."

Ó pa ìwé náà dé. Ó nu táńkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dín iye tí wọ́n fẹ́ rà kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tatsuno kò wá, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Yìnyín bo ojú ọ̀nà. Kábéèjì ti wọ́n.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní, 2013

Wọ́n kó wa jọ sínú ilé oúnjẹ, gbogbo wa, nítorí kò sí yàrá mìíràn tó lè gbà wá. Kanbe kà á: Amagase jáwọ́ nínú fóònù, ilé-iṣẹ́ Ina á tì ní òpin oṣù Kẹta. Ó tẹrí ba jìn, kò dìde fún ìgbà pípẹ́. A rí àárín orí rẹ̀ níbi tí irun ti ń tán.

Mo ń retí kí n bínú sí i. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ àforíjì fóònù gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ti ilé-iṣẹ́ sì dà bí ohun tí wọ́n kọ láàárọ̀ yìí. Kò sí ẹyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé Kanbe pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Hiraide, ọjọ́ tí ẹ dìde yẹn, ó yẹ kí n gbà fún yín."

"Kí ló dí yín lọ́wọ́, Ọ̀gá?"

"Ojú yín. Mo wo ojú yín, mo ní, ọkùnrin yìí ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe rọ́bà yẹn, báwo ni màá ṣe ní kó jù ú nù?"

 Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì yẹ kí n dúpẹ́, ìyẹn gan-an ni ìṣòro ibẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì

Wọ́n ti pín wa. Ogiso kò gba ibi tí wọ́n rán an, ó ń padà sí Kiso láti bá àbúrò rẹ̀ ṣe ṣíbí onígi. Yasuoka ń lọ sí ẹ̀ka ẹ̀rọ amúlétutù, èèyàn mẹ́ta péré nínú mẹ́fà rẹ̀ ló bá a lọ. Èmi, Shizuoka: ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń fọ èèyàn. Wọ́n nílò ẹni tó mọ rọ́bà.

"Ìwọ lo ṣoríire jù," ni Yasuoka wí. "Èèyàn lè fi fóònù sílẹ̀. Ibi tí ò ń lọ yẹn, kò sẹ́ni tó lè fi í sílẹ̀."

Èmi nìkan ni màá lọ. Chisato á dúró ti Bàbá. Mo sọ fún Bàbá nídìí tábìlì tó ní iná amúgbóná lábẹ́, ó ń bó ọsàn. Ó bó o tán, ó pín in sí méjì, ó fún mi ní apá tó tóbi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta

Fóònù Bàbá dákẹ́. Kì í ṣe omi, bátìrì ni, kò sì sí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo wá a kiri, títí dé inú àpótí ilé ìkẹ́rù wa, n kò rí i. Mo fún un ní èyí tí mo rà ní Matsumoto. Ó gbé e dání bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ ìkẹyìn. Kò pẹ́ rárá. A fi káàdì ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, a kí ara wa. Ogiso ṣí ihò ìdí táńkì, a dúró méjèèjì títí omi fi lọ tán. Ó fún mi ní ṣíbí onígi kan tí àbúrò rẹ̀ ṣe. "Èyí náà kì í gba omi, Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó sì lọ wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán ṣì ni nígbà tí mo délé. Bàbá ti wà nínú omi gbígbóná, ó ń wo bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọ iléèwé gíga lórí fóònù. Ẹgbẹ́ Nagano, agbègbè wa, ló ń gbá, mo ń gbọ́ ariwo àwọn èrò láti ibi ìdáná. Àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ariwo náà dákẹ́ lójijì.

"Norifumi," ni Bàbá pè.

"Bàbá."

"Fóònù yìí ń tọrọ àforíjì. Ẹyẹ kan ń tẹrí ba fún mi." Omi dún bó ṣe ń sún. "Kí ló ṣe?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìwẹ̀. Ó gbé e sókè sí mi nínú ooru omi, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá."

Mo gbà á, mo nù ún, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Kó tó tutù tán, mo ṣí i wo sítíkà inú rẹ̀. Funfun ni.